Eruku Ọyẹ́, Ọ̀rinrin Àjàṣẹ́, Àti Àbàwọ́n Tí Ò Fẹ́ Kúrò Nínú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ mi sọ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀) lọ́jọ́ Sátidé ni mo kọ sílẹ̀ yìí, torí àwọn ará Kétu àti Sàbẹ̀ tí wọn ò rí ọkọ̀ wá ń pè mí ṣáá pé kí n fi ohun tí mo sọ ránṣẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, mi ò tún un ṣe púpọ̀, ibi tó bá gùn jù kẹ́ ẹ fojú fò ó, ẹnu ni mo fi sọ ọ́, kì í ṣe bírò.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan sí mi pé mo ní kí wọ́n pa fáànù. Ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀, mo fẹ́ ṣí inú kámẹ́rà lójú yín lónìí, ẹni tó bá sì ṣí inú kámẹ́rà lábẹ́ fáànù, eruku tó ti ń sùn lápá fáànù yẹn láti ọdún mẹ́ta ló ń pè wọlé.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti Sàbẹ̀. Lọ́dún kan nínú oṣù kìíní, ọyẹ́ mú gan-an, bàbá kan gbéṣẹ́ fún mi pé kí n lọ bá òun ya àwọn òkè Sàbẹ̀, fọ́tò ńlá tí òun máa gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀. Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà wa, dé ìsàlẹ̀ òkè, mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo pa ihò lẹ́ńsì dé f/16 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi sí i ni ihò ń kéré sí i) kí gbogbo ẹ̀ lè hàn kedere láti orí koríko iwájú mi títí dé orí àpáta. Fọ́tò yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e fún bàbá, bàbá wò ó títí, ó wá fi ìka tọ́ ojú ọ̀run, ó ní, "Ọmọ mi, ẹyẹ wo nìwọ̀nyí?" Mo ní ẹyẹ kẹ̀? Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó kà á dé mọ́kànlá. Mo wò ó, àmì dúdú róbótó róbótó ni, wọ́n tò sójú ọ̀run bí ìgbà tí èèyàn da iyọ̀ dúdú sí i. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Àṣá ni, bàbá." Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo délé, mo ṣí àwọn fọ́tò ìgbéyàwó tí mo yà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mi ò rí nǹkan kan lára ìyàwó, mi ò rí nǹkan kan nínú gbọ̀ngán. Àfi ìgbà tí mo dé orí fọ́tò tí gbogbo ẹbí jọ yà níta, tí mo lo f/11, tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn wọn, ni mo tó rí àwọn àṣá mi, wọ́n rí fúlẹ́fúlẹ́, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni wọ́n wà, mọ́kànlá géérégé. Wọ́n ti bá mi lọ sóde ìyàwó kí wọ́n tó bá mi dé Sàbẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi fara pamọ́ níbì kan tí wọ́n sì yọjú níbòmíì yẹn, ó yẹ ká yé ara wa dáadáa níbẹ̀, torí ẹni tí ò bá yé, ọ̀la ló máa ki òwú bọ inú kámẹ́rà.

Eruku tí à ń sọ yìí ò sí lórí sẹ́ńsọ̀, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń di fọ́tò, gan-an. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan ló wà lórí sẹ́ńsọ̀ tó bò ó, òun ló ń dá ìtànṣán ooru tí ojú wa ò lè rí dúró kí àwọ̀ fọ́tò má baà dàrú. Orí gíláàsì yẹn leruku ń jókòó sí, bí ọmọ tó gun orí òrùlé, òjìji ẹ̀ ló wá ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà ohun tí ẹ̀ ń rí nínú fọ́tò kì í ṣe eruku, òjìji eruku ni.

Ẹ wo bí òjìji ṣe ń ṣe. Bí o bá na abẹ́rẹ́ sókè díẹ̀ lórí tábìlì, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ojú fèrèsé ńlá wọlé, òjìji abẹ́rẹ́ yẹn ò ní hàn, torí ìmọ́lẹ̀ ń gba ọ̀tún gba òsì yí i ká. Ṣùgbọ́n bí o bá pa fèrèsé dé tó ku ihò kékeré kan, òjìji á hàn ketekete. Ihò lẹ́ńsì náà nìyẹn. Ká ní eruku fi mílímítà 1 ga ju sẹ́ńsọ̀ lọ. Ní f/2.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sí ojú kan ṣoṣo lórí sẹ́ńsọ̀, ìbú ẹ̀ nígbà tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ eruku yẹn á tó mílímítà 0.36. Ní f/22, kò ju 0.045 lọ. Tí eruku ọ̀hún bá wá jẹ́ mílímítà 0.05, ní f/2.8 nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ló lè dí, ta ló máa rí i? Ní f/22 ó dí gbogbo ọ̀nà pátá. Eruku kan náà o, kò kúrò níbi tó wà, ihò ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa tí à ń ya ìgbéyàwó pẹ̀lú ihò ńlá fi lè gbé ìdọ̀tí kiri ọdún kan láìmọ̀, tí ẹni tó ń ya òkè àti ọ̀sà á ti pariwo láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ tún wo bí nǹkan ọ̀hún ṣe kéré tó. Sẹ́ńsọ̀ ńlá tí gbogbo wa ń fẹ́ yẹn, 36 mílímítà sí 24 ni, kò tó káàdì tí a fi ń gba owó ní báńkì. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù 24 ojú àmì (píksẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tíńtín tó ń para pọ̀ di fọ́tò) ló wà lórí ẹ̀, 6000 ló tò síbùú ẹ̀, á wá jẹ́ pé ojú àmì kọ̀ọ̀kan ò ju mílímítà 0.006 lọ. Irun orí kan, tí a bá kà á sí mílímítà 0.07, á bo nǹkan bíi méjìlá lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Irun kan péré o! Èyí ni mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ti fi ẹ̀wù òun nù ún, ó ti mọ́.

Ó dáa. Tí ẹ bá rí àmì nínú fọ́tò, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ lọ dán an wò ná. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100, f/22, ẹ tú fókọ́ọ̀sì kó má mú nǹkan kan, ẹ dojú kámẹ́rà kọ ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, tó bá ń yà lọ́wọ́ kẹ́ ẹ máa mì ín díẹ̀ díẹ̀. Ohun tó bá wà lára ògiri á pòórá torí mímì yẹn, ohun tó bá wà nínú kámẹ́rà á dúró síbi tó wà. Ojú ọ̀run ọyẹ́ tó máa ń funfun bí ẹ̀kọ yẹn dáa gan fún un, ohun kan ṣoṣo tí mo rí tó dáa lára ọyẹ́ nìyẹn. Ẹ wá súùmù fọ́tò náà dé ọgọ́rùn-ún, ẹ rìn ín láti igun dé igun, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tí àmì wà sórí bébà.

Ibi tí púpọ̀ ti ń ṣìnà nìyí o. Lẹ́ńsì máa ń dorí àwòrán kodò kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀. Nítorí náà àmì tó bá wà lókè fọ́tò, ìsàlẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ló wà. Tó bá wá jẹ́ pé ẹnu kámẹ́rà lẹ dojú kọ, òsì fọ́tò á ṣì jẹ́ òsì yín, ọ̀tún á jẹ́ ọ̀tún. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló yí. Mo ti rí ẹni tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan nu òkè, tí ìdọ̀tí jókòó sísàlẹ̀ tó ń wò ó.

Ẹ tún ṣọ́ra, gbogbo àmì kọ́ leruku. Tó bá jẹ́ inú ihò tí ẹ̀ ń yọjú wò lẹ ti ń rí i, tí ò sí nínú fọ́tò rárá, ara dígí inú kámẹ́rà tàbí gíláàsì òkè ẹ̀ ló wà, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ojú dígí yẹn rọ̀ ju ojú ẹyin lọ, ìnù kan péré ti tó láti ha á. Tó bá jẹ́ àmì tíńtín tó ń tàn, pupa tàbí àwọ̀ ewé tàbí búlúù, tó máa ń jáde nígbà tí ẹ bá ń yàwòrán alẹ́ tí kámẹ́rà ṣí ojú fún ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n, tí ẹ sì rí i pé f/2.8 ni o, f/22 ni o, kò tóbi kò kéré, ojú àmì kan lórí sẹ́ńsọ̀ ló ń ṣàìsàn níbẹ̀, ooru sì ń dá kún un. Ẹ ò lè fi omi fọ àìsàn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní ètò nínú ménù tó lè kọ́ ọ pé kó fo ojú yẹn. Eruku ara lẹ́ńsì níwájú náà kì í ṣe àmì róbótó báyìí, ó jìnnà jù, nítorí náà ẹni tó ń fi aṣọ nu iwájú lẹ́ńsì torí àmì ojú ọ̀run, iṣẹ́ òfìfo ló ń ṣe.

Tí a bá ti yọ ìwọ̀nyẹn kúrò, ó ku mẹ́ta: eruku gbígbẹ, eruku tó ti lẹ̀, àti epo.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ wá síbí lónìí wà láàárín méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin náà mọ ọyẹ́, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, àti láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad tó wà lára ibi tí eruku ti pọ̀ jù láyé, ó ń ru eruku wá bá wa. Eruku yẹn kúnná ju ẹ̀lúbọ́ lọ. Tiwa tún wà nílẹ̀, ẹ lọ wo ẹ̀bá ọ̀nà Kétu níbi tí wọn ò tíì da gúdúrọ́ọ̀nù, ewé igi pupa bí ìgbà tí wọ́n fi osùn pa á. Afẹ́fẹ́ gbẹ, nǹkan gbígbẹ sì máa ń fa eruku mọ́ra bí ike tí ẹ fi ya irun ṣe ń fa bébà. Gbogbo ìyẹn ń wọ inú kámẹ́rà lóṣù kìíní. Kò burú, torí gbígbẹ ni. Ohun tó burú ni pé a ò lé e jáde. A ń sọ pé ọyẹ́ ṣì wà, kí n dúró kó parí kí n tó fọ̀ ọ́. Oṣù kẹrin dé, òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀sà Àjàṣẹ́ ń mí sí wa lára, ọ̀rinrin wọ inú báàgì, ó wọ inú kámẹ́rà. Eruku yẹn mumi. Ó gbẹ. Ó tún mumi. Títí òjò máa fi dá, ó ti di amọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ bá mi dá sí i. Bí eruku bá wà létí ìró, kí lẹ máa ń ṣe? Gbígbọ̀n ni. Tí omi bá ti kàn án ńkọ́? Ó di fífọ̀, kì í ṣe gbígbọ̀n mọ́. Ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń gbé kámẹ́rà wá bá mi lóṣù kẹfà pé mo ti fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ, kò lọ, eruku oṣù kìíní ni mo máa ń bá níbẹ̀. Ká ní wọ́n fẹ́ ẹ lóṣù kìíní ni, ìṣẹ́jú kan ni.

Fífẹ́ ọ̀hún, pẹ̀lú kí ni? Rọ́bà afẹ́fẹ́, èyí tó rí bí àlùbọ́sà tó ní ìmú gígùn. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ tẹ́ ẹ bá rà á tuntun ní fámásì, àwọn míì ní ẹ̀tù funfun nínú tí wọ́n fi ń jẹ́ kí rọ́bà má lẹ̀ mọ́ra, ẹ máa fi eruku lé eruku. Ẹ rí i pé bátìrì kún, ẹ lọ sínú ménù tó máa gbé dígí sókè tàbí ṣí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré iwájú sẹ́ńsọ̀, fún ìfọ̀, ẹ da ẹnu kámẹ́rà kọ ilẹ̀, ẹ ti ìsàlẹ̀ tẹ rọ́bà bí ìgbà mẹ́wàá, ìmú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ inú débi tó máa kan nǹkan. Ó tán. Ẹ dá dígí padà, ẹ tún dán an wò ní f/22.

Mo ní bátìrì kún, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Tí bátìrì bá kú nígbà tí nǹkan ṣì wà nínú, ṣọ́tà á pa dé mọ́ ọn, ìyẹn ti di owó ńlá.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Èmi ti fi ẹnu fẹ́ ẹ rí, ní Kétu, níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn oníjó ń fi ẹsẹ̀ onírin gún ilẹ̀, eruku ń sọ, mo pààrọ̀ lẹ́ńsì láàárín agbo, ìwà òmùgọ̀ nìyẹn náà, mo rí eruku nínú ẹ̀ mo bá fẹ́ ẹ, fúúù. Itọ́ ni mo tu sórí gíláàsì. Àmì márùn-ún di ogún. Ìgò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà náà ò dáa, omi tútù kan wà nínú ẹ̀ tó lè ta jáde kó gbẹ mọ́ gíláàsì. Ọmọ kan sì wà tó gbé kámẹ́rà lọ bá ẹni tó ń lẹ táyà pé kó bá òun fẹ́ ẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ẹ̀rọ yẹn ní omi nínú, ó ní epo nínú, agbára ẹ̀ sì lè fa ṣọ́tà ya. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kámẹ́rà ọ̀hún, ẹ ṣáà mọ̀ pé fóònù ni ọmọ náà fi ń yàwòrán báyìí.

Àwọn kámẹ́rà tuntun máa ń gbọn ara wọn. Olympus ló kọ́kọ́ gbé e jáde lára E-1 lọ́dún 2003, gíláàsì iwájú sẹ́ńsọ̀ á máa gbọ̀n ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, Canon tẹ̀lé e pẹ̀lú 400D lọ́dún 2006, Nikon pẹ̀lú D300 lọ́dún 2007. Ó wúlò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà jókòó dáadáa lórí ìdí ẹ̀ kí eruku lè bọ́ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku gbígbẹ ló ń gbọ̀n. Amọ̀ ò gbọ́ gbígbọ̀n.

Ó wá kan ìfọ̀ olómi, èyí tẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá. Ẹ sún mọ́bí.

Èyí lọ́wọ́ mi ni súwọ́ọ̀bù, igi ike tó ní aṣọ pẹlẹbẹ lẹ́nu, inú ọ̀rá ẹ̀ ni mo ti ń yọ ọ́ yìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀ rí, èmi náà ò ní fọwọ́ kàn án. Ó níwọ̀n. Ti sẹ́ńsọ̀ ńlá jẹ́ mílímítà 24, ó bá gíga sẹ́ńsọ̀ mu rẹ́gí, ìdí nìyẹn tí ìnù kan fi tó. Ti sẹ́ńsọ̀ kékeré jẹ́ 16. Ẹ má fi ti ńlá há sínú kékeré. Omi ẹ̀ nìyí, kì í ṣe omi o, ọtí kan tó mọ́ gaara ni, mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú àwọn kan lára wọn, májèlé ni fún èèyàn, ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu, ẹ má sì tan iná nítòsí ẹ̀. Ohun tí a ń wá lára ẹ̀ ni kó gbẹ kíákíá láì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọtí fámásì tí wọ́n kọ 70 sí lára ò fi lè ṣe é, tí 70 bá jẹ́ ọtí, kí ni 30 tó kù? Omi ni, omi yẹn ló máa fi àmì róbótó sílẹ̀. Ẹnì kan bi mí ní Wàndó bóyá sódábì, ògógóró wa, lè ṣe é, sódábì tó le dáadáa ni òun ní. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ mu ún.

Ẹ wò ó báyìí. Mo ti kọ́kọ́ fi rọ́bà fẹ́ inú ẹ̀, ẹ má ṣe fo ìyẹn láé, torí iyanrìn kan ṣoṣo lábẹ́ súwọ́ọ̀bù ti di fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin. Ẹ̀kán méjì sí ẹnu aṣọ, ó pọ̀ jù ẹ̀kán mẹ́ta. Mo dúró díẹ̀ kó mu ún. Mo gbé e lé etí òsì, mo dà á díẹ̀ síbi tí mò ń fà á lọ bí ẹni fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ògiri, mo fà á lọ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, mi ò dúró lọ́nà. Mo gbé e sókè, mo yí ojú kejì aṣọ sílẹ̀, mo fà á padà láti ọ̀tún sósì. Mo sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́ nù! Mo ń rí ojú àwọn tó ń ṣírò iye sẹ́fà tó jẹ́. Ìdọ̀tí tó kó kúrò ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún gbé e padà, ẹ máa fi kọ ìwé sórí gíláàsì. Agbára ọwọ́ ńkọ́? Bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fi ìyẹ́ nu ojú ọmọ tó ń sùn, kí igi yẹn ṣáà tẹ̀ díẹ̀. Àwọn kámẹ́rà tuntun tí sẹ́ńsọ̀ wọn máa ń léfòó kí ọwọ́ gbígbọ̀n má hàn, ẹ máa rí i tó ń mì lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ má tì í.

Àmì tó bá lẹ̀ dáadáa ò ní lọ ní ìnù àkọ́kọ́. Ìnù àkọ́kọ́ ń rẹ ẹ́ ni. Ibi tí sùúrù ti ń tán àwọn èèyàn nìyẹn, wọ́n á dán an wò, wọ́n á rí i pé ó ṣì wà, wọ́n á bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi ẹnu súwọ́ọ̀bù ha ojú kan. Rárá o. Ẹ mú tuntun, ẹ tún fà á láti etí dé etí. Àwọn ẹyẹ Sàbẹ̀ mi, mẹ́sàn-án lọ ní súwọ́ọ̀bù kìíní, ìkan lọ ní ìkejì, èyí tó kù gba mẹ́rin. Tó bá ti di súwọ́ọ̀bù karùn-ún tí àmì ò yí padà rárá, tí ò tiẹ̀ tíìnrín, ẹ jáwọ́. Ó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ gíláàsì, tàbí kó jẹ́ ibi tí ẹnì kan ti ha á. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tú kámẹ́rà, gíláàsì yẹn ṣeé pààrọ̀ láì pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀.

Epo ní tiẹ̀, ẹlẹ́tàn ni. Ara ṣọ́tà ló ti ń wá, òróró díẹ̀ ló wà níbẹ̀ kí irin lè rìn, ó sì lè ta. Àmì ẹ̀ máa ń yípo gédégédé ju ti eruku lọ, nígbà míì àárín ẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀ torí ẹ̀kán epo náà ń ṣe bíi lẹ́ńsì. Tẹ́ ẹ bá fi súwọ́ọ̀bù kan nù ún, ó lè fẹ̀ di pẹrẹsẹ, ẹ máa rò pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, epo lẹ rí, kì í ṣe eruku, tuntun lẹ máa mú títí á fi tán. Ẹ sì múra sílẹ̀ pé ó lè padà wá. Kò sí èyí tó gba orúkọ lórí ọ̀rọ̀ àmì tó ń padà wá bíi Nikon D600, tó jáde lóṣù kẹsàn-án 2012. Àwọn tó rà á ń rí àmì lápá òkè lọ́wọ́ òsì fọ́tò, wọ́n á fọ̀ ọ́, yóò tún dé. Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ sọ fún wọn lóṣù kejì 2013 bí wọn ṣe máa fọ̀ ọ́, D610 tó ní ṣọ́tà mìíràn jáde lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tó di 2014 wọ́n ní àwọn á máa bá gbogbo ẹni tó ní D600 fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì pààrọ̀ ṣọ́tà lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà tí àmì yín bá ń padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, síbi kan náà, ẹ má bú ara yín pé ẹ ò mọ̀ ọ́n fọ̀.

Ẹ lè tan fáànù yẹn báyìí, mo ti dé ẹnu kámẹ́rà. Ẹ ṣeun.

Ìbéèrè pọ̀, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀. Arábìnrin kan láti Kétu béèrè pé ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni kí òun máa fi pa á rẹ́, kí ló dé tí òun á fi wéwu. Mo ní fọ́tò mẹ́wàá, òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà. Òde ìyàwó tó ní ẹgbẹ̀rin fọ́tò ńkọ́, tí àmì jókòó sójú ìyá ìyàwó nínú ogójì lára ẹ̀? Ẹlòmíì ní kí ló dé tí eruku ń tètè padà sí ti òun, òun kì í pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Mo ní kó mú ìdérí ẹ̀yìn lẹ́ńsì ẹ̀ wá, ike dúdú yẹn. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sí i, gbogbo ilé rí i: irun aṣọ, iyanrìn, àti kòkòrò kan tó ti gbẹ. Ibẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, tó bá ti dé lẹ́ńsì, lẹ́ńsì á kó o, á gbé e fún kámẹ́rà. Ọṣẹ àti omi ni fún ìdérí, kó gbẹ dáadáa, ohun tó pọ̀ jù tó lè ṣe nìyẹn. Ẹni tó wọ agbádá wá ní kí òun wá ṣe báwo tí òun bá fẹ́ fọ sẹ́ńsọ̀, mo ní kó bọ́ ọ, òwú agbádá máa ń já, síńgílẹ́ẹ̀tì ni kó wọ̀, kó ṣe é nínú ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti wẹ omi gbígbóná tán tí èéfín omi sì ti lọ sílẹ̀, torí omi máa ń fa eruku afẹ́fẹ́ wálẹ̀. Wọ́n ní ṣé ilé ìwẹ̀ ò lọ́rinrin ni, mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò di oṣù mẹ́ta inú báàgì.

Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ ni, bàbá Sàbẹ̀ yẹn, ṣé mo padà sọ òótọ́ fún un? Mo ní mo gbìyànjú. Mo tún fọ́tò ọ̀hún ṣe, mo nu ojú ọ̀run mọ́ tónítóní, mo gbé e padà lọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wò ó, ó ní èyí ò dáa tó ti àkọ́kọ́, àwọn ẹyẹ ti fò lọ. Ti àkọ́kọ́ ló ṣì wà lára ògiri ẹ̀ dòní, ó sì máa ń kà wọ́n fún àlejò.